Ìbéèrè Méje Nípa Sìdíkátù

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí ná: mo jowú Sìdíkátù. Kì í ṣe owú orogún, a ò fẹ́ ọkọ kan náà. Kì í ṣe owú ọrọ̀ náà, torí nígbà tí mo ń jowú rẹ̀ yìí, èmi ni mò ń gba owó oṣù nílùú òyìnbó, òun ló ń wọ bàtà kan ṣoṣo láti ọdún mẹ́ta. Síbẹ̀, bí fọ́tò rẹ̀ bá ti yọ lórí fóònù mi, oúnjẹ ẹnu mi á korò.

Ọmọ Bàbá Télọ̀ ni Sìdí, ìyẹn bàbá tó ń ránṣọ nítòsí Ọjà Ọba ní Ọ̀wọ̀. Mùsùlùmí ni wọ́n. Bàbá ń ránṣọ, ìyá ń ránṣọ. Ilé Áńgílíkà ni tiwa. Bàbá mi ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì, gbogbo ẹbí sì ti gbà pé bí ẹnì kan yóò bá jókòó sórí àga ọ́fíìsì lẹ́yìn rẹ̀, èmi ni. Mo fi ọdún mẹ́ta ju Sìdí lọ. Kò pe orúkọ mi rí. "Ẹ̀gbọ́n" ló ń pè mí.

Iṣẹ́ tó pa wá pọ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sanwó fún. Bàbá Kátíkíìsì kan, àgbàlagbà tó láàánú, ló kó wa jọ lẹ́yìn tí a parí ilé ìwé. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ ń ṣòfò láwọn ìlú oko, àwọn àgbà sì ń wò. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gun ọ̀kadà lọ sí Ùsò, sí Ùtè, títí dé Òkélùsè. Ọmọ tó sá kúrò nílé ìwé, a ó wá a lọ. Ọmọbìnrin tí wọ́n lé jáde torí oyún, a ó lọ bẹ bàbá rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ ṣùgbọ́n tí bàbá rẹ̀ ní oko kòkó ló máa lọ, a ó bá a wá ọ̀gá. Nígbà tí Bàbá Kátíkíìsì kú, èmi ni mo di olórí torí èmi ni mo dàgbà jù. Olórí ẹni méjì náà kúkú ni.

"Ta ló rán yín?" ni wọ́n máa ń bi wá ní gbogbo ilé tí a bá kọ́kọ́ wọ̀. "Ṣé ìjọba ni?"

"Rárá, sà."

"Ṣé ẹ fẹ́ díje dupò ni?"

"Rárá o, sà."

"Kí wá lẹ ń jẹ?"

Ìbéèrè tó le nìyẹn, mi ò rí ìdáhùn sí i fún ọdún mẹ́fà. Gbogbo ìgbà la máa ń gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gba òṣìṣẹ́ ọ̀dọ́ sí agbègbè wa, pé ó kù díẹ̀, pé fáìlì ti wà lórí tábìlì. Kò sí ọ́fíìsì tí a ò kó ìwé ẹ̀rí wa dé láti Ọ̀wọ̀ títí dé Ìfọ̀n. "Ẹ máa retí wa" ni wọ́n ń sọ. A retí títí, ojú wa fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú. Nígbà tí àyè láti ṣiṣẹ́ ìtọ́jú ọ̀dọ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yọ, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ tí mo ń lọ, mo kó fáìlì mi fún Sìdí, gbogbo ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí mi nínú rẹ̀. Mo ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún un pé, "Bí iṣẹ́ yẹn bá jáde lẹ́yìn mi, fi tèmi náà sí i o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo débẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù kì í ṣe òtútù, ìdákẹ́jẹ́ ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mi, mo kí gbogbo ẹni tí mo pàdé láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró. Ẹni méjì dáhùn. Ẹnì kan sáré bọ́ sí òdìkejì títì, ó di báàgì rẹ̀ mú. Ní Ọ̀wọ̀, bí o bá kọjá lára àgbà láìkí i, kí o tó délé ìròyìn rẹ ti ṣáájú rẹ dé.

Ohun kejì tó yà mí lẹ́nu ni pé iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ yẹn níbẹ̀. Ohun tí èmi àti Sìdí ń fi ẹsẹ̀ rìn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n fún mi ní káàdì rẹ̀ kọ́ sọ́rùn, orúkọ mi àti fọ́tò mi lára rẹ̀. Ilé kan ni a ti ń ṣọ́ àwọn ọmọ bí mẹ́fà tí wọn kò ní ẹbí tó lè tọ́jú wọn. Lọ́jọ́ tí mo gba káàdì yẹn, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Sìdí. Mo fẹ́ kó wú u lórí. Mo tilẹ̀ fẹ́ kó dùn ún díẹ̀.

Ó fèsì pé: "Ẹ̀gbọ́n, ó yẹ yín! Mo ti fi han àwọn ọmọ Òkélùsè, wọ́n ń pariwo." Kò dùn ún rárá. Èmi ló dùn.

Ọmọbìnrin kan wà nílé náà, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Jéènì, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó máa ń sá lọ. Nígbà kan ó sá fún ọjọ́ méjì, ó wá wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, òjò ti pa á, ètè rẹ̀ ti dúdú. Mo wò ó. Mo bi í léèrè bóyá ó ti jẹun. Ó ní rárá. Mo gbé ìrẹsì tí mo sè fún ara mi kaná, mo dín ẹyin méjì lé e lórí, mo jókòó tì í. Ata ń ta á, omi ń jáde lójú rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ náà. Nígbà tó jẹun tán, ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó lọ, ọ̀dọ̀ ẹni tó wà, àti ohun tó lé e padà.

Ìgbà tí ọ̀gá mi dé, ó ní, "Fọ́ọ̀mù dà?"

Mo ní mo fẹ́ kó kọ́kọ́ jẹun.

"Fọ́ọ̀mù ni àkọ́kọ́," ni ó wí. "Aago tó wọlé, aṣọ tó wọ̀, ohun tó sọ. Tí o kò bá kọ ọ́, kò ṣẹlẹ̀."

Wọ́n fún mi ní ìwé ìkìlọ̀. Ọ̀gá náà kì í ṣe ènìyàn burúkú, ìlànà iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n mo wọ ilé ìwẹ̀ lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Nílé, Sìdí kì í lọ wo ọmọ kankan láìgbé kúlà oúnjẹ kékeré sórí ọ̀kadà. Ẹni tó jalè, ẹni tó loyún, ẹni tó lu ìyá rẹ̀, ìbéèrè kan náà ló máa kọ́kọ́ bi wọ́n: ṣé o ti jẹun? Àwọn àgbà kúkú sọ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Èmi ni mo máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ nígbà náà, tí mo ń pè é ní Olóúnjẹ.

Nígbà tí Jéènì pé ọdún méjìdínlógún tó fẹ́ lọ gbé ilé tirẹ̀, ó wá bá mi ní ilé ìdáná. Ó ní kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì aláta tó ń mú omi jáde lójú yẹn. Mo kọ́ ọ. Mo lò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ayọ̀ ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lára mi. Mi ò rí ẹni sọ ọ́ fún tí yóò yé, àfi Sìdí, mi ò sì sọ ọ́ fún un.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe màmá mi. Ẹnu Ọ̀wọ̀ ponbele ni màámi ń fọ̀, ìgbà tí mo dé àjò ni mo tó mọ̀ pé ohùn yẹn dùn.

"Ọmọ mi, uṣẹ́ ńkọ́?"

"Ó ń lọ, màámi."

"Ulé ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ Sìdí ló kù. Sìdí gbé iṣu Ùsò wá. Sìdí ló gbé màámi lọ sí ọsibítù, ó sì dúró títí dọ́kítà fi dé. Àwọn ará Òkélùsè fún Sìdí ní yàrá kan kó lè máa sùn síbẹ̀ tí ilẹ̀ bá ṣú. Mo gbọ́ ọ, mo gbọ́ ọ, ó sú mi.

"Màámi, èmi ni mo ra gíláàsì ojú yín o."

"Mo mọ̀. Gíláàsì náà dáa, mo ń rí nǹkan kedere. Ṣùgbọ́n gíláàsì kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá ènìyàn jókòó."

Kò sọ ọ́ láti bú mi. Òótọ́ ló ń sọ, ohun tó mú kó burú nìyẹn. Níbí, èmi ni ẹni tó wá. Nílé, mo ti di ẹni tó lọ. Sìdí nìkan ló wà ní ibì kan.

Àsìkò ọdún Ìgógo nílé ni ìròyìn náà dé. Ní Ìgógo, ọmọ Ọ̀wọ̀ kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè. Màámi sì ti kìlọ̀ fún mi pé àjò kọ́ ni yóò sọ èèwọ̀ di ohun àmúṣeré. Nítorí náà, orí mi wà láìbò nínú afẹ́fẹ́ àti òjò, mo dúró de bọ́ọ̀sì, etí mi ti fẹ́ já bọ́, nígbà tí ohùn tí Sìdí gbà sílẹ̀ wọlé sórí fóònù mi.

"Ẹ̀gbọ́n! Ó ti jáde o! Iṣẹ́ yẹn ti jáde! Òṣìṣẹ́ ọ̀dọ́ àti ìdàgbàsókè ìlú, àyè méjì péré, ẹnì kan fún Ọ̀wọ̀, ẹnì kan fún Ọ̀sẹ́. Ti Ọ̀sẹ́ ni mo mú, torí ibẹ̀ ni Òkélùsè wà. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ ẹni tó jẹ́ olórí mi níbi iṣẹ́, mo kọ tiyín. Bàbá Kátíkíìsì ti kú, ta ni mo tún fẹ́ kọ? Wọ́n á kọ̀wé sí yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ bá mi dá wọn lóhùn o, ẹ jọ̀ọ́. Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ sọ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ bọ́ sí i ná."

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Iṣẹ́ yẹn. Èyí tí mo fi ọdún mẹ́fà retí, tí bàbá mi fi ojú sọ́nà fún títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ọdún méjì péré lẹ́yìn tí mo ṣí ẹsẹ̀ ló jáde, ọmọ Bàbá Télọ̀ ló sì fẹ́ gbà á. Inú bí mi sí i bí ìgbà tí ó yọ́ wọ yàrá mi lọ jí nǹkan. Mo mọ̀ pé kò jí nǹkan kan. Inú ń bí mi náà.

Ìwé wọn dé ní ọjọ́ Ajé. Ìbéèrè méje ni, mo sì ní títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Báwo ni o ṣe mọ̀ ọ́n? Mo kọ ọ́. Ọdún mélòó ni ẹ jọ ṣiṣẹ́? Mo kọ ọ́. Ṣé ó ṣeé fọkàn tán? Mo kọ bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ìbéèrè kẹrin ló dá mi dúró: "Sọ ọ̀ràn kan tí ó yanjú fúnra rẹ̀."

Ọ̀ràn Ùtè ló wá sí mi lọ́kàn. Bàbá kan lé ọmọbìnrin rẹ̀ jáde torí oyún. Èmi ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo wọlé tọ bàbá náà lọ tààrà, mo kó òfin lé e lórí, mo sọ ẹ̀tọ́ ọmọ fún un bí ẹni pé mo wà ní kọ́ọ̀tù. Kò tíì gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ mi tó fi na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà. "Ọmọ Ọ̀wọ̀, gba ibẹ̀ yẹn jáde kí n tó ka mẹ́ta." Mo jáde. Lọ́jọ́ kejì Sìdí lọ. Kò wá bàbá náà. Ó jókòó ti ìyá lẹ́yìn ilé, ó mú ọ̀bẹ, ó bá a bó ẹ̀gẹ́. Ó bó ẹ̀gẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko láìdárúkọ ọmọ náà. Lọ́jọ́ kẹrin bàbá fúnra rẹ̀ jáde wá, ó ní, "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, kí lò ń wá nílé mi gan-an?" Sìdí kúnlẹ̀, ó ní ọmọ ilé lòun ń wá. Kí oṣù náà tó parí, ọmọ náà ti padà sílé. Ó ń ṣe irun ní Ìfọ̀n báyìí.

Kí ló dé tí mi ò lè kọ ọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, kò sẹ́ni tó ń lù mí. Nígbà tí àwọn òyìnbó ń fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò kí wọ́n tó gbà mí, ìbéèrè yìí gan-an ni wọ́n bi mí, ọ̀ràn Ùtè ni mo sì sọ. Mo sọ pé èmi ni mo bó ẹ̀gẹ́. Mo sọ ọ́ dáadáa, ọ̀kan nínú wọn nu omijé ojú rẹ̀ nù. Ọ̀bẹ Sìdí ni mo fi gba káàdì tó wà lọ́rùn mi. Bí mo bá kọ orúkọ rẹ̀ sí i báyìí, kí ló kù tó jẹ́ tèmi?

Mo pa kọ̀ǹpútà dé.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó kọ̀wé: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti rí i?" Mo ní mo ti rí i, mo máa ṣe é. Lọ́jọ́rú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọlé, mi ò ṣí i. Lọ́jọ́bọ̀, mo rí fọ́tò rẹ̀ níbi tó dúró láàárín àwọn ọ̀dọ́ Òkélùsè tó wá wo Ìgógo, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, orí gbogbo wọn ló sì wà láìbò bíi tèmi. Kí ni wọ́n ń fi èmi ṣe nínú ìyẹn? Lọ́jọ́ Ẹtì, mo gba iṣẹ́ ẹlòmíràn mọ́ tèmi, kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Mo sọ fún ara mi pé ó rẹ̀ mí. Ní òwúrọ̀ Sátidé, mo ṣí kọ̀ǹpútà. Mo fẹ́ kọ ọ́ nígbà náà, mo fi Ọlọ́run búra. Wọ́n ní àkókò ti kọjá.

Tí o kò bá kọ ọ́, kò ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, kúlà orí ọ̀kadà, gbogbo rẹ̀, kò ṣẹlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ìwé mìíràn wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn kan náà. Ẹ̀rù bà mí láti ṣí i. Orúkọ mi ló wà lókè. Wọ́n ní àwọn dúpẹ́ pé mo béèrè fún ipò òṣìṣẹ́ ọ̀dọ́ àti ìdàgbàsókè ìlú ní Ọ̀wọ̀, pé àwọn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, pé bí mo bá wà lókè òkun a lè ṣe é lórí fídíò. Mo rò pé wọ́n ṣìnà. Mi ò béèrè fún nǹkan kan. Mo ṣì ń kà á lọ́wọ́ nígbà tí Sìdí pè.

"Ẹ̀gbọ́n! Wọ́n ti pè yín, àbí? Orúkọ yín wà lára ògiri! Mo ní mi ò ní sọ àfi tó bá bọ́ sí i. Fáìlì yín ni, ẹ rántí? Ẹ ní bí ó bá jáde kí n fi tiyín sí i. Èmi ni mo ṣe ẹlẹ́rìí yín. Ìbéèrè méje, mo dáhùn gbogbo rẹ̀. Mo kọ ọ̀ràn Ùtè. Mo ní bí kì í bá ṣe pé ẹ̀yin kọ́kọ́ lọ, tí wọ́n lé yín, èmi ì bá má mọ bí mo ṣe máa gbà wọlé. Ẹ máa padà wálé, Ẹ̀gbọ́n!"

Mo bi í pé, "Tìẹ ńkọ́?"

"Tèmi kò bọ́ sí i." Ó sọ ọ́ wéréwéré, bí ẹni tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá. "Wọ́n ní ẹlẹ́rìí mi kò dáhùn. Mo sọ fún wọn pé nẹ́tíwọ́kì ni. Ẹ mọ bí nẹ́tíwọ́kì ṣe ń ṣe."

Ó ti ṣí ilẹ̀kùn fún mi, ohun tó kù ni kí n gba ibẹ̀ jáde. Mo ronú nípa rẹ̀. Mi ò ní purọ́, mo ronú nípa rẹ̀ dáadáa.

"Sìdí," ni mo wí, "nẹ́tíwọ́kì kọ́. Mo rí i láti ọjọ́ Ajé. Èmi ni mi ò kọ ọ́. Mo jowú rẹ ni."

Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sáré, ó dúró, ó tún sáré. Mo ń retí pé kó bú mi. Mo ń retí pé kó pe orúkọ mi fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ó wá sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ti yí padà, ó sì mọ̀ pé mo gbọ́ ọ.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí, "ṣé ẹ ti jẹun?"

Mo ní rárá.